Iná Abẹ́ Eérú: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Obìnrin tí Nǹkan Oṣù Rẹ̀ Kì í Dé Déédéé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń bò mọ́ra nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tí ń pẹ́ kí ó tó dé ni, ti irun tí ń hù ní àgbọ̀n obìnrin, àti ti ọmọ tí a ń wá tí a kò tíì rí. Ṣùgbọ́n kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, aránṣọ kan wá bá mi láti Ìnísà ní ilé ìgbòògùn tí mo wà nígbà náà. Ọmọ ọdún 29 ni. Ó ti lo ọdún 4 nílé ọkọ, kò sì tíì lóyún rí. Nǹkan oṣù rẹ̀ a máa tó oṣù 2 tàbí 3 kí ó tó yọjú. Nígbà tí ó tú ìborùn rẹ̀, mo rí i pé awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú, ó sì nípọn ju ti ibòmíràn lọ. Mo ní kí ó gun orí òṣùwọ̀n. Bí mo ti rí iye tí òṣùwọ̀n fi hàn, mo sọ ọ́ sókè níwájú àwọn aláìsàn tí ó jókòó pé, "Ìyàwó, o ti sanra jù! Lọ dín ara rẹ kù ná, kí o tó padà wá." Kò bá mi jiyàn. Ó da ìborùn rẹ̀ bo ọrùn, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ju ọdún kan lọ kí n tó tún fojú kàn án.

Nígbà tí ó padà wá, ó ní òun ti febi pa ara òun, òun ti mu oríṣiríṣi àgbo tí wọ́n ní yóò fọ ilé ọmọ, òun sì ti fọn nígbà kan, ṣùgbọ́n gbogbo ẹran ara náà ti padà. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé: "Mà, mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Òṣùwọ̀n ni kò fẹ́ràn mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Ọdún mélòó ni mo fi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́, tí mo wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé ẹni tí ó wá ìrànlọ́wọ́ lọ! Mo tún ìwé mi ṣí, mo sì bi àwọn dókítà léèrè. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ fi hàn yín lónìí. Àpapọ̀ rẹ̀ ni pé: eré ìdárayá a máa ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ara obìnrin tí ó ní àrùn yìí, kódà bí òṣùwọ̀n kò bá sọ̀ kalẹ̀ rárá.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

PCOS ni àwọn dókítà ń pè é. Ní ọdún 1935, àwọn dókítà 2 ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Stein àti Leventhal, kọ ìròyìn nípa obìnrin 7 tí wọ́n tọ́jú. Àpò ẹyin àwọn obìnrin náà tóbi, ó sì kún fún àwọn róńdóróńdó kéékèèké tí omi wà nínú wọn. Àwọn róńdóróńdó yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọn kì í sì í ṣe ohun tí ẹnìkan fi síbẹ̀. Ilé ẹyin ni wọ́n. Lóṣooṣù, ó yẹ kí ọ̀kan nínú wọn dàgbà kí ó sì tú ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àrùn yìí, wọn a dúró lágbede méjì, wọn kò ní dàgbà tán.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú obìnrin 100 tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, àwọn tí ó ní àrùn yìí tó 10 sí 13. Ó tún sọ pé nínú àwọn 100 tí ó ní i, ó lè tó 70 tí kò mọ̀ pé òun ní i. Ẹ wo iye obìnrin tí ó wà ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, kí ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ohun 3 ni dókítà máa ń wò. Èkíní, ṣé nǹkan oṣù kì í dé déédéé? Èkejì, ṣé àmì wà pé họ́mónù tí ó pọ̀ lára ọkùnrin ti pọ̀ jù lára obìnrin náà, bíi irun àgbọ̀n àti ti àyà, tàbí kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi í hàn? Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú fi hàn pé róńdóróńdó pọ̀ nínú àpò ẹyin? Bí 2 nínú 3 yìí bá wà, tí dókítà sì ti rí i pé kì í ṣe àrùn mìíràn ni ó fà á, a jẹ́ pé PCOS ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe ìyá ọkọ ni ó fi ṣe yín. Kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, àti láàrin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Àwọn obìnrin tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá náà sì ń ní i, kì í ṣe àwọn tí ó sanra nìkan.

INÁ TÍ Ń JÓ LÁBẸ́ EÉRÚ

Bí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a wú, a gbóná, a sì máa ro wá. Àwọn ọmọ-ogun ara ni ó sáré débẹ̀ láti bá kòkòrò àrùn jà. Ohun rere ni. Nígbà tí ogun bá parí, wọn a padà sílé, ẹsẹ̀ a sì rọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ara ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní PCOS, àwọn ọmọ-ogun yìí kì í padà sílé tán. Kò sí ẹ̀gún, kò sí egbò, kò sí ibà, síbẹ̀ wọ́n ń jà díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó dà bí iná tí ìyá àgbà fi eérú bò mọ́lẹ̀ nínú ààrò: a kò rí ọwọ́ iná, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ìka bọ inú eérú náà yóò mọ̀ pé kò kú. Bí iná yìí bá ń jó, ẹ̀dọ̀ a máa tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C-reactive protein. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n lára obìnrin púpọ̀, wọ́n sì rí i pé ó máa ń ga lára àwọn tí ó ní PCOS ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, kódà bí ìwọ̀n ara wọn bá dọ́gba.

Kí ni iná yìí ń bàjẹ́? Nígbà tí a bá jẹ àmàlà tàbí ẹ̀bà, ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè wọ inú iṣan ni ínsúlínì. Iná abẹ́ eérú yìí a máa mú kí ilẹ̀kùn náà há. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá há, ara a máa ṣe ínsúlínì púpọ̀ sí i kí ó lè fi agbára ṣí i. Ínsúlínì tí ó pọ̀ jù yìí a dé inú àpò ẹyin, a sì máa ti àpò ẹyin láti ṣe họ́mónù ọkùnrin ju bí ó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ni irun àgbọ̀n ti ń wá, ibẹ̀ ni ìrorẹ́ ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ẹyin ti ń dúró lágbede méjì. Ọrùn tí ó dúdú tí ó sì nípọn jẹ́ ọ̀kan nínú àmì pé ínsúlínì ti pọ̀ jù. Ìdọ̀tí kọ́ o! Ẹ má ṣe fi kànrìnkàn bó ara yín.

Ọ̀rá inú ikùn náà ń da epo sí iná. Bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ a máa bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rìn, bí ó bímọ tàbí kò bímọ.

OHUN TÍ ERÉ ÌDÁRAYÁ Ń ṢE

Iṣẹ́ 3 ni ó ń ṣe.

Èkíní: iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ kì í dúró de ínsúlínì. Bí a bá ń rìn kánkán, iṣan ẹsẹ̀ a ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, a sì gba ṣúgà wọlé. Lẹ́yìn tí a bá ti jókòó pàápàá, ilẹ̀kùn náà kì í tètè há. Oore yìí a máa wà fún ọjọ́ 1 sí 2. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé kí á má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ 2 tẹ̀lé ara wọn láìṣe eré ìdárayá. Ẹni tí ó sáré títí ó fi dákú ní ọjọ́ Sátidé, tí ó wá jókòó títí di Sátidé mìíràn, kò ṣe ara rẹ̀ lóore tó ẹni tí ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

Èkejì: iṣan a máa ránṣẹ́. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ó ń tú àwọn ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó lè sọ fún àwọn ọmọ-ogun ara pé ogun ti tán, kí wọ́n máa lọ sílé. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Denmark, tí Bente Klarlund Pedersen ṣe aṣáájú wọn, fún àwọn ońṣẹ́ yìí ní orúkọ, wọ́n pè wọ́n ní myokine. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi: a kò lè ra ońṣẹ́ yìí lọ́wọ́ oníṣègùn, a kò sì lè gbà á ní dìsípẹ́ńsárì. Iṣan ara yín nìkan ni ó lè ṣe é, àfi tí ó bá ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta: eré ìdárayá a máa dín ọ̀rá inú ikùn kù, a sì máa fi iṣan dípò rẹ̀. Iṣan wúwo. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi lè dúró sójú kan nígbà tí ikùn ń fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n nìkan ṣe adájọ́ yóò rò pé òun ń pa ara òun lásán, yóò sì jáwọ́ nígbà tí iná gan-an ń kú lọ.

BÍ Ẹ Ó TI ṢE É

Ìwé ìlànà àgbáyé lórí PCOS, èyí tí Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ṣe aṣáájú rẹ̀, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2023, sọ báyìí: kí obìnrin ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tí ó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Kí ó tún ṣe èyí tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ 2 tí kò tẹ̀lé ara wọn. Ìwé náà sọ pé kò sí ẹ̀rí pé irú kan sàn ju irú kejì lọ. Nítorí náà, èyí tí ọkàn yín bá fẹ́ ni ẹ ṣe. Èyí tí ó kéré pàápàá sàn ju àìṣe lọ.

Ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ kan, ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ti di 150. Bí 30 bá pọ̀ jù, ẹ pín in sí 10 láàárọ̀, 10 lọ́sàn-án, 10 lálẹ́. Báwo ni ẹ ó ti mọ èyí tí ó mọ níwọ̀n? Bí ẹ bá lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó tó. Bí ẹ bá lè kọrin tán, ẹ yára sí i.

Ará Ìkìrun tí òkè wà lẹ́bàá ilé rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Kí ó máa gun òkè náà láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ará Ìnísà lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ṣáájú kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, kí ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì wa ní Òkukù, ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ máa rìn ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rìn lójú títì ńlá tí ó lọ sí Ọ̀fà, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré, ẹ má sì ṣe rìn lórí ojú irin. Inú àdúgbò ni kí ẹ rìn, kí ẹ sì kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ojú ayé rí òun, kí ó ti ilẹ̀kùn yàrá, kí ó fi orin sí i, kí ó máa jó. Ijó tí ó mú òógùn wá jẹ́ eré ìdárayá pátápátá.

Fún agbára iṣan: ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti ara yín, ní ìgbà 10. Ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í bí ẹni fẹ́ bì í wó, ní ìgbà 10. Ẹ rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré 2, kí ẹ máa gbé wọn sókè sódò. Ẹni tí ó bá sì ń gún iyán pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ kò kúkú jìnnà sí i.

Aláta kan ní ọjà Òkukù bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìdúró. Ṣé èyí kò tó?" Mo dá a lóhùn pé, "Ìyá, ìdúró yàtọ̀ sí ìrìn. Bí ẹ bá ru ẹrù tí èémí yín sì yára, ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dúró ti atẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó ń rẹ̀ yín ni, kò mú iṣan ṣiṣẹ́ tó." Àwọn ìyá wa àgbà ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko àti ọjà. Lónìí, ọ̀kadà ń gbé wa lọ, ọ̀kadà ń gbé wa bọ̀. A kò ya ọ̀lẹ. Ayé ni ó yí padà.

Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ara bá ro yín díẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kò léwu. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyà ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

OHUN TÍ ERÉ ÌDÁRAYÁ KÒ LÈ ṢE

N kò ní purọ́ fún yín. Eré ìdárayá kò wo PCOS sàn pátápátá, kò sì ṣèlérí ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Bí oṣù 3 bá kọjá tí nǹkan oṣù kò dé, tí kì í sì í ṣe oyún, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí inú ilé ọmọ bá ń nípọn láìṣàn jáde fún ìgbà pípẹ́, ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ wà níbẹ̀. Oògùn wà tí ń mú un dé déédéé. Oògùn wà fún ínsúlínì, a ń pè é ní metformin. Oògùn wà tí ń mú ẹyin jáde; letrozole ni ìwé ìlànà náà fi ṣáájú fún obìnrin tí ń wá ọmọ. Dókítà ni yóò fún yín. Ẹ má ṣe rà á fúnra yín nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì ṣe fi àgbo tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yín jẹ́.

Ẹ̀yin ọkọ, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Àtilóyún kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìkan. Kí ẹ tó gba ìyàwó kejì sílé, ẹ lọ yẹ àtọ̀ tiyín wò. Bí ìyàwó yín bá sì ní òun fẹ́ máa rìn láàárọ̀, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dìde, kí ẹ bá a rìn. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má ṣe pe ọmọ ọlọ́mọ ní àgàn. Ìbànújẹ́ pọ̀ lọ́kàn àwọn obìnrin yìí ju bí ẹ ti rò lọ.

Ní ti aránṣọ mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, a sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ó ń dìde lẹ́yìn maṣíìnì rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù 5, ó dé pẹ̀lú ojú tí ó rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Mà, kílò kan péré ni ó kúrò." Mo ní kí ó fún mi ní téèpù tí ó fà kọ́rùn, téèpù tí ó fi ń wọn aṣọ fún gbogbo Ìnísà. Mo fi wọn ìbàdí rẹ̀. Ó ti dín ní ínṣì 2. Mo bi í pé nǹkan oṣù ńkọ́? Ó ronú, ó ka ìka rẹ̀, ó ní ó ti dé ní oṣù 3 léraléra. Òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ kíyè sí i, nítorí òṣùwọ̀n ni ó tẹjú mọ́.

Kò tíì bímọ bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń lọ rí dókítà ní Òṣogbo, ọkọ rẹ̀ sì ti gbà láti bá a lọ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ó ń sùn dáadáa, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, kò sì bo ọrùn rẹ̀ mọ́ nígbà tí ó bá wọlé wá bá mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí òṣùwọ̀n ṣe adájọ́ yín, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí nọ́ọ̀sì aláìnísùúrù bí irú mi ìgbà náà lé yín sílé. Ẹ mú bàtà yín lọ́la, kí ẹ rin ìṣẹ́jú 10. Ọ̀túnla, kí ẹ tún rìn. Iná abẹ́ eérú kì í kú lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n yóò máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí Olódùmarè fún wa ní àlàáfíà. Ó dìgbà o.